Ta Ló Ń Sọ Àwo Ráàpù Di Àwo Ńlá?

Mi ò bá ọ̀rọ̀ oyè wá lónìí, mi ò sì bá ọ̀rọ̀ òṣèlú wá. Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá, orin ráàpù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tá a ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, àwa náà ṣe ọmọdé rí.

Ohun tó fà á rèé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń fọ alùpùpù mi lẹ́yìnkùlé, mo sì tan orin sílẹ̀ bí ìṣe mi. The Chronic ló ń kọ, àwo tí Dr. Dre gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1992. Ọmọ mi obìnrin jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún 15 ni, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń pe àwọn obìnrin?" Mo ní, kí ló ń pè wọ́n? Ó wo ilẹ̀, ó sì sọ ọ́. Mo lọ pa orin náà.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ àwo yẹn. Mo mọ ibi tí fèrè ti ń wọlé, mo mọ ibi tí ìlù ti ń dákẹ́ kó tó padà dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà níhìn-ín mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nígbà náà kò ju èyí tá a fi ń dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wọlé lọ. Ìlù la fi ń dájọ́ ráàpù. Tí ìlù bá ta wá lára, a ní àwo náà ga. Tí kò bá mú wa mi orí, a ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdájọ́ ẹni tó di etí kan ni, mo gbà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ó wò pé, àwọn àwo tí gbogbo ayé ń pè ní àwo ńlá yìí, ta ló pè wọ́n bẹ́ẹ̀? Nígbà wo? Àti pé kí ló dé tí àwo kan á wà nísàlẹ̀ lónìí, tí ẹ ó tún bá a lókè lọ́la, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà lọ tún un kọ?

Kásẹ́ẹ̀tì ráàpù àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà ni ti MC Hammer, Please Hammer Don't Hurt 'Em, tó jáde lọ́dún 1990. Ọjà Tọ́kpá ní Kútọnu ni mo ti rà á, àdàkọ ni, ẹni tó dà á kọ kò tilẹ̀ kọ orúkọ orin kankan sí i lẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí, ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ 21 ni àwo yẹn fi wà ní òkè téńté láàárín àwọn àwo tó ń tà jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì tà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Télọ̀ àdúgbò wa ń rán ṣòkòtò olófèéfèé tí ìdí rẹ̀ ń já ilẹ̀, ìyá mi sì ń bi mí bóyá ẹnìkan fẹ́ bá mi gbé inú ṣòkòtò náà ni. Ó ṣì máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Kò ju ọdún mẹ́rin márùn-ún lọ lẹ́yìn náà, ẹni tó bá dárúkọ Hammer láàárín àwọn ọ̀dọ́ á di ẹni ẹ̀rín. Wọ́n ní kì í ṣe ráàpù gidi, wọ́n ní ijó lásán ni. Nígbà tó sì kéde ní ọdún 1996 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, àwọn kan yọ̀. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn. Èrò tèmi ni pé àwo náà kò ṣeé gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ti gbìyànjú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó sú mi ní orin kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tí ráàpù kò wọ̀ rí, òun ló ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀. Àwọn tó bá ilẹ̀kùn ọ̀hún ní ṣíṣí ni wọ́n wá ń sọ pé ẹni tó ṣí i kò mọ nǹkan kan.

Nas ni òdì-kejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Èkó nígbà náà, ló mú Illmatic wá sílé nígbà ọdún. Mo gbọ́ ojú kan, mo dá a padà fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni yìí ń sọ̀rọ̀ ni, kò kọrin." Ó wò mí, ó ní ọmọdé ń ṣe mí.

Oṣù kẹrin ọdún 1994 ni àwo yẹn jáde. Orin mẹ́wàá péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì pé ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ ogún ọdún ni Nas, ọmọ àdúgbò Queensbridge ní New York, níbi tí ìjọba kọ́ ilé fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn The Source, tí àwọn oníráàpù ń bẹ̀rù nígbà náà bí ọmọ iléèwé ṣe ń bẹ̀rù olùkọ́, fún un ní máìkì márùn-ún nínú márùn-ún. Ẹni tó bá gba máìkì márùn-ún ti gba gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjà kò gbọ́ ohun tí ìwé ìròyìn sọ. Ó di ọdún 1996 kí wọ́n tó fún àwo náà ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà, èyí tí wọ́n ń fún àwo tó bá pé 500,000. Ó tún di ọdún 2001 kí wọ́n tó ka mílíọ̀nù kan fún un. Ẹ fi wé ti Hammer.

Ẹ wo bí ìgbà ṣe wá yí. Ní ọdún 2013, yunifásítì Harvard dá ètò ìwádìí kan sílẹ̀ lórí hip hop, wọ́n sì fi orúkọ Nas sọ ọ́. Ní ọdún 2014, ó kọ Illmatic láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àwọn onífèrè àti onígòjé National Symphony Orchestra ní Washington. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, kéde pé àwo náà ti wọ àwọn ohùn tí wọ́n máa tọ́jú fún orílẹ̀-èdè wọn. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Nas ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn Grammy àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, fún àwo mìíràn. Ọdún 27 lẹ́yìn Illmatic!

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ Nas tó yẹ kó dùn mọ́ àwa níhìn-ín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Nasir bin Olu Dara Jones. Ẹ tún un kà dáadáa. Bàbá rẹ̀, ọmọ ìlú Natchez ní Mississippi, Charles Jones ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, ó mú orúkọ Yorùbá, Olú Dára, ó sì fi orúkọ náà di olórin jáàsì tí wọ́n mọ̀. Òun ló fọn fèrè ní ìparí orin kẹta nínú Illmatic. Nígbà tí mo dá kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ irú orúkọ tá à ń jẹ́ ń fọn fèrè nínú rẹ̀. Ká ní mo mọ̀, bóyá ǹ bá ti fi sùúrù gbọ́ ọ. Ìdí tí kò ṣe kókó nìyẹn láti fẹ́ràn àwo kan, ṣùgbọ́n irú ìdí bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìdí tá a fi ń fẹ́ràn nǹkan.

Àmọ́ o, mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú Illmatic. Ìyìn rẹ̀ ti pọ̀ débi pé ó fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1996, Nas gbé It Was Written jáde. Ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, èrò rọ́ lọ rà á, àwọn alárìíwísí sì fajú ro. Wọ́n ní ó ti ta ara rẹ̀, wọ́n ní ìlù rẹ̀ ti mọ́ jù, wọ́n ní kì í ṣe Illmatic. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe Illmatic, òun náà kò sọ pé òun ni. Lónìí, mò ń gbọ́ tí àwọn tí kò tíì bí nígbà náà ń sọ pé It Was Written ni wọ́n fẹ́ràn jù, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìtijú. Mo gbà pẹ̀lú wọn ní ìdajì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ tálákà ṣe ń rí nígbà tí owó ń wọlé, tí ẹ̀rù sì ń bà á, kó lọ gbọ́ èkejì.

Jay-Z náà rí irú rẹ̀. Reasonable Doubt jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1996 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá sílẹ̀ fúnra wọn. Ipò 23 ló dé, kò kọjá ibẹ̀. The Source fún un ní máìkì mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà ti di ọlọ́lá, ìwé ìròyìn kan náà padà wá sọ pé máìkì márùn-ún ló yẹ ẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń kọ máàkì náà máa ń tún máàkì kọ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá di mínísítà.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó di kálàmù mú. Ìwé ìròyìn Rolling Stone ní Amẹ́ríkà ṣe àkójọ 500 àwo tó ga jù lọ láyé ní ọdún 2003. Àwo àwọn Beatles ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Illmatic wà ní ipò 400. The Miseducation of Lauryn Hill wà ní ipò 312. Ní ọdún 2020, wọ́n tún un ṣe láti ilẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn olórin, àwọn tó ń to orin àti àwọn akọ̀ròyìn tó lé ní 300, oníkálukú mú àwo 50 tirẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Marvin Gaye ló wà lókè. Illmatic ti fò dé ipò 44. Lauryn Hill dé ipò kẹwàá, kò sì sí àwo ráàpù kankan tó ga jù ú lọ níbẹ̀.

Láàárín ọdún 17 yẹn, Lauryn Hill kò fi ìró kan kún àwo náà, kò sì yọ ìró kan kúrò. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ni wọ́n yí padà. Àwọn tó ṣe ìdájọ́ nígbà àkọ́kọ́, orin ọmọdé tiwọn ni gìtá. Àwọn tó dé lẹ́yìn, ráàpù ni wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lọ́mọ. Àwọn kan ń bínú sí àkójọ tuntun yẹn, wọ́n ní ìṣèlú ni. Mo bi wọ́n: èyí tó wà ṣáájú ńkọ́? Ṣé ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀? Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ọmọ aráyé. Ṣé ọdún 2001 ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dára ni?

Ti Lauryn Hill tilẹ̀ gba kí n dúró díẹ̀. Àwo yẹn jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1998. Ní ọdún 1999, ó gba Grammy márùn-ún ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti àwo tó ga jù lọ lọ́dún náà, èyí tí àwo hip hop kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn olórin tó bá a ṣiṣẹ́ ti gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn wà nínú orin yẹn ju bó ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwo lọ. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún 2001. Ní ọdún 2002, ó gbé àwo mìíràn jáde, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan, ó ń kọrin, ó ń sunkún, ó ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Láti ìgbà náà, kò tún gbé odindi àwo tuntun jáde láti inú ilé ìgborin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó sọ ẹ̀bùn nù.

Ní ọdún 2024, Apple Music ṣe àkójọ 100 àwo tirẹ̀, Lauryn Hill ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ pátápátá o, lókè Michael Jackson, lókè àwọn Beatles. Tèmi ni pé ipò kìíní yẹn pọ̀ díẹ̀. Ipò 312 sì jẹ́ ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwo yẹn ni mo lè tan níwájú ọmọ mi láìsáré lọ pa á. Obìnrin náà ń kọrin, ó ń ráàpù, ó ń sọ̀rọ̀ oyún àti ọmọ tó bí nígbà tí àwọn ènìyàn ní kó rò ó dáadáa. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, orin obìnrin ni mo kà á sí, mo ní kò le tó. Mo tijú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ àti ọmọbìnrin méjì kí n tó gbọ́ ọ.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn tó ń ṣe àkójọ kì í sábà sọ: àwo tí ẹnikẹ́ni kò rí rà, orúkọ rẹ̀ á kú díẹ̀díẹ̀. Àwa tá a gbọ́ Faransé mọ MC Solaar. Ìlú Dakar ni wọ́n ti bí i, ọmọ Ṣáàdì làwọn òbí rẹ̀, ilẹ̀ Faransé ló ti dàgbà. Àwo rẹ̀ Qui sème le vent récolte le tempo ti ọdún 1991 àti Prose Combat ti ọdún 1994 ni ráàpù àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yé mi dé gbòǹgbò. Ọmọ iléèwé tó bá mọ Prose Combat lórí nígbà yẹn, ọ̀gá ni. A ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé wa bí ẹni ń kọ ewì.

Lẹ́yìn náà, ìjà dé láàárín Solaar àti ilé iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde. Wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn àwo yẹn kúrò lórí igbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ kò fi lè rí wọn rà ní tuntun, kò sì sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí gbogbo orin ayé ń lọ síbẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó tún wọn gbé jáde. Ẹ fojú inú wò ó. Odindi ìran kan dàgbà ní Paris, ní Kútọnu, ní Lomé, wọ́n mọ IAM ti Marseille torí pé L'École du micro d'argent tó jáde ní 1997 ò kúrò lọ́wọ́ aráyé, wọ́n mọ NTM, ṣùgbọ́n Solaar, orúkọ lásán ni lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Tí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹni yìí ló ṣáájú, wọ́n á wò yín bí ẹni ń pa àlọ́. Kì í ṣe pé àwo náà bàjẹ́. Ìwé àdéhùn ló bàjẹ́.

De La Soul ní Amẹ́ríkà rí èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. 3 Feet High and Rising jáde ní oṣù kẹta ọdún 1989. Bí ẹni ń gán aṣọ alákìísà láti oríṣiríṣi aṣọ ni wọ́n ṣe to àwo náà: wọ́n gé orin àwọn ẹlòmíràn wẹ́wẹ́, wọ́n sì hun wọ́n pọ̀ di tuntun, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àwàdà nígbà tí àwọn yòókù ń fi ìbọn dẹ́rù ba ni. Gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n gé orin wọn pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá dé, àdéhùn tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn orin tí wọ́n gé yẹn kò mẹ́nu kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni kankan kò sì fẹ́ san owó láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwo náà kò fi sí níbi tí àwọn ọmọ ìsìnyí ti ń gbọ́ orin. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023 ló tó dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Trugoy, kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún yẹn gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ikú náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọjọ́ 16 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Biggie ní oṣù kẹta ọdún 1997 ni Life After Death jáde. Ta ló lè gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú etí tútù? Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó gùn jù tàbí kò gùn jù, torí ọ̀fọ̀ ló wà létí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Tiwa náà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. DaGrin gbé C.E.O. jáde ní ọdún 2009, ó ń fi Yorùbá ráàpù, Yorùbá ìgboro tí kò fọ ẹnu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ní ọmọọ̀ta ni, mo ní ó ń ba èdè wa jẹ́. Mo sọ ọ́ níwájú èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ó ní jàǹbá ọkọ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo ọ̀nà, gbogbo zemidjan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, DaGrin ló ń kọ. Èmi náà wá ń mi orí. Ṣé mo gbọ́ ọ ní tòótọ́ ni, àbí mo ń bá wọn ṣọ̀fọ̀? Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó padà lọ gbọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́, kí n tó mọ̀ pé ọmọkùnrin náà mọ èdè ju èmi tí mò ń gbèjà èdè lọ. Ẹni tí kò jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá sọnù lórí ìlù tó yára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń ba èdè jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti kú kí n tó sọ ọ́.

(Ti Kanye West, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Tirẹ̀ gba ọjọ́ tirẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ Dr. Dre, torí ibẹ̀ ni ẹrù náà wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1991, kó tó ṣe The Chronic, ó lu akọ̀ròyìn obìnrin kan, Dee Barnes, ní ilé ijó kan ní Los Angeles. Kò bá ilé ẹjọ́ jiyàn lórí ẹ̀sùn náà. Lẹ́yìn náà, àwo jáde, àwo tà, ayé gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù nípa ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ọdún 2015, wọ́n fo ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Dee Barnes fúnra rẹ̀ kọ̀wé síta, ariwo sọ, Dre sì tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ti pa lára. Ní ọdún 2020, Library of Congress kéde The Chronic náà mọ́ àwọn ohùn tí wọ́n máa tọ́jú.

Àwọn kan máa ní, orin lọ́tọ̀, ìwà lọ́tọ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rọrùn láti sọ nígbà tí ìwà ò bá sí nínú orin. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi gbọ́ yẹn, inú orin ló wà. Àwọn mìíràn máa ní ká kó gbogbo rẹ̀ dànù. Èyí náà kò wọ̀ mí. Ìlù àwo yẹn yí bí ráàpù ṣe ń dún padà, kò sí bá a ṣe lè sọ ìtàn orin yìí ká fò ó. Ohun tó yẹ kó yí padà ni bá a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀. Tí a bá ní "àwo ńlá," ká dárúkọ Dee Barnes nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Kò ní kí ìlù má dùn mọ́. Á kàn jẹ́ kí ẹni tó ń jó mọ ilẹ̀ tó ń jó lé.

Mo sì fẹ́ràn bí àwọn Beastie Boys ṣe ṣe tiwọn. Licensed to Ill tí wọ́n gbé jáde ní 1986 ni àwo ráàpù àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ àbùkù sí obìnrin àti sí àwọn tó ń fẹ́ akọ bíi tiwọn. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá ká wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n kọ orin tó ń tako ti àtijọ́, ní ọdún 1999 wọ́n tún kọ lẹ́tà àforíjì sí ìwé ìròyìn kan ní New York. Ó ṣọ̀wọ́n kí olórin fúnra rẹ̀ dín iyì àwo tó sọ ọ́ di olówó kù.

Èmi àti ọmọ mi ti ṣe àdéhùn kan báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, a máa ń tan àwo kan, á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi sí Yorùbá, ní ẹyọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá lè túmọ̀ níwájú bàbá rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀," èmi náà á sì mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Illmatic la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi orúkọ Olú Dára dá a lọ́rùn ṣáájú, mo ti ní kó dúró de fèrè bàbá Nas, kó gbọ́ bí ọmọ Yorùbá lórúkọ ṣe ń fọn ọ́n.

Nígbà tá a dé orin kẹta, mo ti gbàgbé àkọlé rẹ̀. Òun kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń fọ alùpùpù, ọ̀rọ̀ tó mú mi pa The Chronic, òun ló wà nínú àkọlé orin náà gan-an, ayé ni wọ́n fi ń bú níbẹ̀. Ó kà á, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Mi ò pa á. A gbọ́ ọ dé òpin, fèrè dé, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ó ní, "Bàbá mi, bàbá tó ń fọn fèrè yìí, ṣé ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ kó tó fọn ọ́n?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí n dá a padà síbi tí fèrè ti bẹ̀rẹ̀.